Àyà, Ìnira àti Òṣùwọ̀n: Iṣẹ́ Lámèyítọ́ lórí Ìwádìí Los Angeles ti Ọdún 2018

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ ìwádìí kan tí Johanna Olson-Kennedy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ìlú Los Angeles, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí ó jáde nínú jọ́nà ìṣègùn àwọn ọmọdé tí ń jẹ́ JAMA Pediatrics ní ọdún 2018. Ìwádìí náà dá lórí iṣẹ́ abẹ àyà fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí ní obìnrin, ṣùgbọ́n tí wọ́n ka ara wọn sí ọkùnrin tàbí sí ẹni tí ó súnmọ́ ọkùnrin. Lájorí èrò iṣẹ́ yìí ni pé ìwádìí náà dáhùn ìbéèrè kan dáadáa: ǹjẹ́ ìnira tí àyà ń fà kéré lára àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ? Ṣùgbọ́n ẹrù tí àwọn tí ń fi í jà àti àwọn tí ń bá a jà dì lé e lórí ju èyí tí ó lè rù lọ. Iṣẹ́ yìí tún wo ìṣòro tí yóò dé bá ẹni tí ó bá fẹ́ gbé irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ wọ inú èdè Yorùbá.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ojú bá ń sunkún, a sì máa ríran. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí mu. Ìrora ọmọdé jẹ́ ohun tí í mú àgbà sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún kò gbọdọ̀ bo ojú àgbà débi pé kò ní í rí ohun tí ẹ̀rí sọ àti ohun tí ẹ̀rí kò sọ. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn kò bá ọkàn wọn mu ti di àríyànjiyàn ńlá. Dókítà ń sọ tirẹ̀, òbí ń sọ tirẹ̀, agbẹjọ́rò àti olóṣèlú náà kò dákẹ́. Nínú gbogbo ariwo yìí, ìwádìí Los Angeles wà lára àwọn èyí tí wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó fara mọ́ iṣẹ́ abẹ náà ń mú un jáde bí ẹ̀rí tí kò ṣe é já ní koro. Ẹni tí kò fara mọ́ ọn ń mú un jáde bí àpẹẹrẹ ẹ̀rí tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò wá láti dá ẹjọ́ láàárín òbí àti ọmọ, tàbí láàárín ìjọba àti dókítà. Ohun tí ó wá ṣe ni láti ka ìwádìí kan bí ó ti yẹ kí olùkọ́ máa ka ìwádìí: kí ó mọ ìbéèrè tí wọ́n béèrè, àwọn tí wọ́n bi í, irinṣẹ́ tí wọ́n fi wọn ìdáhùn, àti ibi tí ìdáhùn náà parí sí.

Àlàyé Ọ̀rọ̀

Ó tọ́ kí àlàyé wáyé lórí àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan. Èkíní ni ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní gender dysphoria. Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ti Amẹ́ríkà gbé àtẹ̀jáde karùn-ún ìwé atọ́nà wọn, DSM-5, jáde. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti pa orúkọ àtijọ́ tì, èyí tí ó ka ipò àwọn ènìyàn wọ̀nyí fúnra rẹ̀ sí àìsàn, tí wọ́n sì fi orúkọ yìí rọ́pò rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìrora tí ó ń bá àìbáramu ara àti ọkàn rìn ni dókítà ń tọ́jú, kì í ṣe irú ènìyàn tí ẹnìkan ka ara rẹ̀ sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ṣe ohun tí ó jọ ọ́. Nínú ìwé àkójọ àìsàn wọn kọkànlá, tí lílò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò láàárín àwọn àìsàn ọpọlọ, wọ́n sì gbé e sí orí tí ó jẹ mọ́ ìlera ìbálòpọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, "ìnira àìbáramu" ni yóò dúró fún gender dysphoria.

Ọ̀rọ̀ kejì ni transmasculine, tí ó kó àwọn tí Àṣamọ̀ ti ṣàpèjúwe pọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń pe ara wọn ní ọkùnrin pọ́ńbélé. Àwọn kan wà tí wọn kò ka ara wọn sí ọkùnrin tàbí obìnrin. Ọ̀rọ̀ kẹta ni "ìnira àyà", ìyẹn ẹ̀ka ìnira àìbáramu tí ó rọ̀ mọ́ ọmú tí ó yọ nígbà ìbàlágà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí a máa fi aṣọ tí ó fún pinpin de àyà wọn kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Aṣọ yìí a máa fa ẹ̀yìn ríro, àyà dídùn, èémí kúkúrú àti ara yíyún.

Iṣẹ́ abẹ tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí ni yíyọ ẹran ọmú kúrò àti títún àyà tò kí ó lè rí bí ti ọkùnrin. Bí ọmú bá kéré, oníṣẹ́ abẹ lè gba ẹ̀bá dúdú tí ó yí orí ọmú ká wọlé. Bí ó bá tóbi, ojú abẹ méjì gígùn ni yóò wà lábẹ́ àyà, wọn yóò sì ká orí ọmú kúrò, wọn yóò dín in kù, wọn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn. Ìdí nìyí tí ìmọ̀lára ibẹ̀ fi lè dínkù tàbí kí ó lọ pátápátá. Ẹran ọmú tí wọ́n bá yọ kò ní í hù padà, fífún ọmọ lọ́mú lọ́jọ́ iwájú sì lè má ṣe é ṣe mọ́.

Ohun tí Ìwádìí náà Ṣe

Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ti Los Angeles ni wọ́n ti ṣe ìwádìí náà. Ọ̀dọ́ 136 ni ó dáhùn ìbéèrè, ọjọ́ orí wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 13 dé 25. Mẹ́rìnléláàádọ́rin dín mẹ́fà, ìyẹn 68, ti ṣe iṣẹ́ abẹ. 68 yòókù kò tíì ṣe é. Nínú àwọn tí wọ́n ti ṣe é, 33, tí ó jẹ́ ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún, ni kò tíì pé ọdún 18 nígbà tí wọ́n ṣe é. Ẹgbẹ́ tí kò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ ni wọ́n bá pàdé nígbà tí wọ́n wá gba ìtọ́jú. Ẹgbẹ́ tí ó ti ṣe é ni wọ́n pè lórí tẹlifóònù.

Àwọn olùwádìí fúnra wọn ni ó ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n lò. Gbólóhùn 17 ni ó wà nínú rẹ̀, máàkì gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo dé 3, tí ó fi jẹ́ pé 51 ni ó ga jù. Àwọn gbólóhùn náà dá lórí ohun ojoojúmọ́: wíwẹ̀, lílúwẹ̀ẹ́ láàárín ènìyàn, aṣọ wíwọ̀, lílọ sọ́dọ̀ dókítà, ìbáṣepọ̀ àti èrò nípa ọjọ́ iwájú.

Èsì tí ó jáde yani lẹ́nu. Ìpíndọ́gba máàkì àwọn tí kò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ jẹ́ 29.6; ti àwọn tí wọ́n ti ṣe é jẹ́ 3.3. Nínú ẹgbẹ́ tí kò tíì ṣe é, 64, ìyẹn ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún, sọ pé iṣẹ́ abẹ náà ṣe pàtàkì púpọ̀ fún àwọn. Ní ti ewu, ohun tí ó wọ́pọ̀ jù ni pípàdánù ìmọ̀lára orí ọmú, fún ìgbà díẹ̀ (ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún) tàbí títí lọ (ìdá 41). Ẹ̀jẹ̀ gbá jọ sábẹ́ awọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ìdá 7 sì ní ìṣòro tí ó jẹ mọ́ oògùn akunnilóorun. Iye àbámọ̀ tí wọ́n sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo.

Ibi tí Ìwádìí náà Ti Yege

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a yin ìwádìí yìí fún ni pé ó bi àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ náà ni èsì ti wá, kì í ṣe lẹ́nu àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí wọn. Ìkejì ni pé àlàfo tí ó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì tóbi. Àlàfo tí ó lé ní máàkì 26 nínú 51 kò jọ èyí tí ó ṣèèṣì wáyé. Ìkẹta ni pé ìwádìí náà kò fi ewu pamọ́. Bí ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún bá pàdánù ìmọ̀lára títí lọ, ohun tí ó tó sọ ni, wọ́n sì sọ ọ́. Ìkẹrin ni pé àwọn olùwádìí náà jẹ́wọ́ pé òṣùwọ̀n wọn jẹ́ tuntun, tí ẹlòmíràn kò tíì fi dán ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wọn wí kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé òun ni ó kọ́kọ́ rí i.

Ibi tí Ìwádìí náà Kù sí

Kùdìẹ̀-kudiẹ tí ó ga jù ni pé ìwádìí náà kò wọn ẹnìkan náà ṣáájú iṣẹ́ abẹ kí ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó fi wé ara wọn ní ìgbà kan ṣoṣo. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí ẹgbẹ́ tí ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ jẹ́ ọdún 19. Ti ẹgbẹ́ kejì jẹ́ 17. Ọdún méjì kì í ṣe ohun kékeré nínú ayé ọ̀dọ́. Ẹni tí ó ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ó sì ti ń dá ṣe ìpinnu, lè ní ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ọmọ ọdún 17 kò tíì ní. Èyí kò sọ pé ọjọ́ orí ni ó fa àlàfo náà; àlàfo náà tóbi ju èyí lọ. Ohun tí ó sọ ni pé ìwádìí náà kò lè fi hàn iye tí iṣẹ́ abẹ nìkan fà.

Kùdìẹ̀-kudiẹ kejì wà nínú òṣùwọ̀n. Ọ̀pọ̀ gbólóhùn rẹ̀ dá lórí àyà gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ó jọ kí ènìyàn bi ẹni tí wọ́n ti yọ eyín rẹ̀ bóyá eyín náà ṣì ń dùn ún. Ìdáhùn yóò jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, òtítọ́ sì ni. Ìtura kúrò lọ́wọ́ eyín dídùn kì í sì í ṣe ohun yẹpẹrẹ lójú ẹni tí kò rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò sọ bóyá onítọ̀hún ń jẹun dáadáa. Bákan náà, máàkì 3.3 sọ fún òǹkàwé pé àyà kò ni àwọn ọ̀dọ́ náà lára mọ́. Kò sọ bí ẹ̀kọ́ wọn ṣe ń lọ, bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn lọ, tàbí bí àárín àwọn àti ẹbí wọn ṣe rí.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n dáhùn nínú ẹgbẹ́ tí ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ jẹ́ 94. Ìdáhùn 68 ni ó wọlé. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ènìyàn 26 ni a kò gbọ́ ohùn wọn. Ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà tẹlifóònù wọn ni ó yí padà, nítorí pé ọ̀dọ́ a máa ṣí kiri. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ní àbámọ̀ ni gbogbo wọn ní ń purọ́. Ẹni tí ó bá ní àlàáfíà ni gbogbo wọn wà, òun náà kò ní ẹ̀rí.

Ẹ̀kẹrin ni àkókò. Èyí tí ó pẹ́ jù nínú àwọn iṣẹ́ abẹ náà kò ju nǹkan bí ọdún márùn-ún lọ nígbà tí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ọmọ ọdún 14 tí ó sọ lónìí pé òun kò kábàámọ̀ kò tíì dé ìgbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí àti ọmọ títọ́ yóò wá bá a. Ó lè dé ibẹ̀ kí ó ṣì máa yọ̀. Ìwádìí ọdún 2018 kò lè sọ ọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni àbá pé ìnira àyà ń fi máàkì 0.33 pọ̀ sí i ní oṣù kọ̀ọ̀kan láàárín ìgbà tí ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn testosterone àti ìgbà iṣẹ́ abẹ. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí bí ohùn bá ti ń wúwo tí irùngbọ̀n sì ń hù, bẹ́ẹ̀ ni ọmú yóò máa dà bí àjèjì sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọn kò tọpa ẹnìkan láti oṣù dé oṣù, àbá ni ó jẹ́, kò tíì di òfin.

Àwọn Iṣẹ́ tí Ó Tẹ̀ lé e

Lámèyítọ́ tí ó dúró sí ọdún 2018 kò ní í ṣe òtítọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2021, Mehringer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú jọ́nà Pediatrics, nínú èyí tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá ọ̀dọ́ 30 lẹ́nu wò, láti ọmọ ọdún 13 dé 21. Iṣẹ́ yìí kò ka máàkì. Ìtàn ni ó gbọ́. Ohun tí òṣùwọ̀n kò lè gbé jáde hàn níbẹ̀: bí ìnira àyà ṣe ń ba eré ìdárayá, ìwẹ̀ àti dídìmọ́ ẹni jẹ́.

Ní ọdún 2022, Ascha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ mìíràn jáde nínú JAMA Pediatrics láti agbègbè Chicago. Wọ́n wọn ènìyàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni 36 ṣe iṣẹ́ abẹ, 34 kò ṣe é, ọjọ́ orí wọn sì jẹ́ ọdún 13 sí 24. Ìnira àyà fi nǹkan bí máàkì 25.6 lọ sílẹ̀ lára àwọn tí wọ́n ṣe é ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn tí kò ṣe é. Èyí dáhùn kùdìẹ̀-kudiẹ àkọ́kọ́ dáadáa, ó sì fi hàn pé èsì Los Angeles kì í ṣe àléébù ìfiwéra nìkan. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n lò fún ìnira àyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi òmíràn kún un. Oṣù mẹ́ta sì kúrú ju ọdún márùn-ún lọ. Ìbéèrè àkókò ṣì wà níbi tí ó wà.

Àwọn kan lè ní kí wọ́n pín àwọn ọ̀dọ́ sí méjì bí ẹni ta ayò, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìdajì, kí wọ́n má ṣe é fún ìdajì kejì, kí òtítọ́ lè hàn. Èyí kò rọrùn. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é tí ọ̀dọ́ náà kò ní í mọ ẹgbẹ́ tí òun wà. Nítorí náà, ìtọpinpin ọlọ́jọ́ gígùn ni ọ̀nà tí ó kù. Ó sì yẹ kí a rántí pé dídúró náà ní owó tirẹ̀: ẹni tí ó dúró kò dúró lásán, ó ń dúró pẹ̀lú ìnira rẹ̀ àti aṣọ tí ó de àyà rẹ̀.

Ìṣòro Èdè

Ìwádìí náà lo ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún àyà, kò lo èyí tí ó dúró fún ọmú, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmú rárá. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjèèjì, tí ó fi jọ pé ìtumọ̀ yóò rọrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àyà ní èdè Yorùbá kì í ṣe ẹ̀yà ara nìkan. Ibùgbé ìgboyà àti ẹ̀rù ni. Ẹni tí ó láyà kò bẹ̀rù. Àyà ẹni tí ó bẹ̀rù ni ó já. Bí ọ̀dọ́ bá sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé àyà ń ni òun lára, ọkàn nọ́ọ̀sì yóò lọ sí ọ̀fìnkìn tàbí àìsàn ọkàn. Bí wọ́n bá lo "ọmú" kí ọ̀rọ̀ lè ṣe kedere, wọ́n ti pa ọgbọ́n tí ó wà nínú òṣùwọ̀n náà run. Gbólóhùn 17 náà kò lè di ti Yorùbá nípa ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Wọn yóò ní láti tún un ṣe, kí wọ́n sì tún un dán wò.

Ní ọ̀nà mìíràn, Yorùbá fẹ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, arọ́pò orúkọ ẹni kẹta ẹyọ ni ó kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀, nítorí pé ó ń pín akọ àti abo. "Ó" àti "òun" kò pín wọn. "Ẹ̀gbọ́n", "àbúrò" àti "ọmọ" kò pín wọn. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, nínú ìwé rẹ̀ The Invention of Women (1997), gbé e kalẹ̀ pé ipò àgbà ni ó ṣe pàtàkì jù láwùjọ Ọ̀yọ́ àtijọ́, kì í ṣe jíjẹ́ akọ tàbí abo. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá a jiyàn. Bí ó ti wù kí ó rí, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí gírámà sọ pé ìnira yìí kò lè sí níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Arọ́pò orúkọ kì í yọ ọmú, kì í sì í gé e.

Ìwádìí Níwájú Òfin

Ohun tí ó mú kí kíka ìwádìí dáadáa di dandan ni pé òfin ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2023, ìpínlẹ̀ Tennessee ṣe òfin tí ó ka irú ìtọ́jú yìí léèwọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, nínú ẹjọ́ United States v. Skrmetti, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí i pẹ̀lú adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ oògùn ni ó wà níwájú wọn, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Bákan náà ni ìròyìn Hilary Cass ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù kẹrin ọdún 2024: ó sọ pé ẹ̀rí kò lágbára tó, ṣùgbọ́n oògùn ìdádúró ìbàlágà àti họ́mọ̀nù ni ó jẹ ẹ́ lógún. Ẹni tí ó bá fi èyíkéyìí nínú wọn dá ẹjọ́ iṣẹ́ abẹ àyà ti fi òṣùwọ̀n ẹ̀wà wọn epo. Ní oṣù keje ọdún 2025, ilé ìwòsàn tí ìwádìí náà ti wá ti ẹ̀ka rẹ̀ tí ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí pa. Ìtọpinpin ọlọ́jọ́ gígùn tí ó yẹ kí ó wáyé ti wá le sí i.

Ìwúlò fún Olùkọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lè rí ẹ̀kọ́ mẹ́ta fà yọ. Àkọ́kọ́, ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ǹjẹ́ ìnira dínkù? Ǹjẹ́ ìtura náà ń tọ́jọ́? Ta ni ó yẹ kí ó ṣe ìpinnu fún ọmọ tí kò tíì dàgbà? Ìwádìí ọdún 2018 àti ti 2022 dáhùn ti àkọ́kọ́. Ti kejì ṣì ń dúró de ọdún. Ti kẹta kì í ṣe ìbéèrè tí òṣùwọ̀n lè dáhùn rárá. Ọ̀rọ̀ ìwà, òfin àti ìfẹ́ òbí ni. Ìkejì, kí ó tó gba iye kan gbọ́, kí ó wo ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ìkẹta, kí ó mọ̀ pé àìpé ẹ̀rí kì í ṣe ẹ̀rí òdìkejì. Ìwádìí tí kò fi ìdí àǹfààní ọlọ́jọ́ gígùn múlẹ̀ kò fi ìdí ìpalára múlẹ̀ pẹ̀lú.

Ìgúnlẹ̀

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Àbámọ̀ méjì ni ó sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ti ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ tí ó wá ń wo ẹ̀yìn, àti ti ẹni tí wọ́n dá dúró títí ìnira fi ba ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ jẹ́. Ìwádìí Los Angeles sọ púpọ̀ fún wa nípa ìtura. Ó sọ díẹ̀ nípa àbámọ̀ àkọ́kọ́, kò sì wọn ìkejì dé òpin. Iyì rẹ̀ ni pé ó gbé ìrora tí ọ̀pọ̀ kò kà sí sórí òṣùwọ̀n. Àìtó rẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n náà kúrú. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ní òtítọ́ kò ní í fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n àgbà tí yóò tún orí ọmọ ṣe ní láti kọ́kọ́ wo ibi tí ó wọ́ sí.